Oko tí a kò kà, ta ni yóò ka òfò rẹ̀?

Ìrànwọ́ ìjọba fún àgbẹ̀ àti darandaran tí kò ní adójútòfò

Ìgbà òjò méjì ni àwọn àgbẹ̀ orí òkè pẹrẹsẹ Kétu ń gbójú lé lọ́dún. Òjò àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó sì máa ń lọ títí di oṣù keje. Ní oṣù kẹjọ, òjò a sinmi díẹ̀. Òjò kejì a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, a sì parí ní oṣù kọkànlá. Òjò méjèèjì yìí ni ó ń mú àgbàdo, ẹ̀pà, ẹ̀wà, gbáàgúdá, tòmátò àti òwú jáde. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ilé ti ń wá. Ibẹ̀ náà ni owó ilé ìwé ọmọ àti owó oògùn ti ń wá.

Ṣùgbọ́n òjò kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí àgbẹ̀ fúnrúgbìn, kí òjò náà sì dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àgbàdo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé mẹ́rin yóò ká ewé rẹ̀ jọ, yóò sì gbẹ. Irúgbìn ti ṣòfò. Owó alágbàṣe ti ṣòfò. Omi kò sì sí nítòsí tí a lè bù wọ́n oko, nítorí pé lórí òkè Kétu omi abẹ́ ilẹ̀ jìn, kànga sì ṣòro láti gbẹ́. Darandaran náà ní òfò tirẹ̀. Koríko a gbẹ, ibi tí ẹran ti ń mu omi a gbẹ, màálù a rù, ọmọ màálù a sì kú.

Ta ni ó ń ran ẹni tí irú òfò bẹ́ẹ̀ dé bá lọ́wọ́? Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni ó wà: ti ará àti ẹgbẹ́, ti adójútòfò, àti ti ìjọba. Ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí ó sì mọ kọ́kọ́rọ́ tí ó ń ṣí i.

Ilẹ̀kùn kìíní: ará àti ẹgbẹ́

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Yorùbá ti mọ ọ̀nà tí ènìyàn fi ń gbé ẹnì kejì rẹ̀ dìde. Àáró wà, ọ̀wẹ̀ wà, èsúsú sì wà. Bí iná bá jó àká ẹnì kan, àwọn aládùúgbò yóò bu àgbàdo fún un. Bí àìsàn bá dá ẹnì kan dúró ní ìgbà ìroko, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò bá a ro oko rẹ̀.

Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọn àgbà ní, «Eji kò mọ ẹni ọ̀wọ̀; ẹni eji rí ni eji ń pa.» Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀dá rí. Iná lè jó àká kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọ̀dá kì í gbẹ oko kan ṣoṣo. Ó ń gbẹ oko gbogbo abúlé, àti ti abúlé kejì. Ní ọdún bẹ́ẹ̀, ẹni tí a fẹ́ yá lówó gan-an ń wá ẹni tí yóò yá òun. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ èsúsú ni yóò fẹ́ kó owó ní ọjọ́ kan náà. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀dá bá bá jà nílò olùrànlọ́wọ́ tí ó wà lókèèrè, níbi tí òjò ti rọ̀ dáadáa.

Ilẹ̀kùn kejì: adójútòfò

Adójútòfò ni ohun tí àwọn tí ó gbọ́ èdè Faransé ń pè ní asiráńsì. Èsúsú ńlá ni, tí àwọn ènìyàn láti ibi púpọ̀ jọ ń dá. Àgbẹ̀ Kétu yóò dá owó díẹ̀, àgbẹ̀ ìlú tí ó jìnnà náà yóò dá owó díẹ̀. Ẹni tí òfò bá ṣe ni a ó san owó fún. Ẹni tí òfò kò ṣe kì í gba nǹkan kan padà ní ọdún náà.

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, a dá ẹgbẹ́ adójútòfò kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọdún 2007. AMAB ni orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àgbẹ̀ kékeré kò tíì ní adójútòfò kankan. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí oko bá kéré tí ó sì jìnnà, owó epo alùpùpù ẹni tí yóò lọ wò ó lè pọ̀ ju owó tí àgbẹ̀ náà dá lọ. Àgbẹ̀ pẹ̀lú ń wo owó tí ó dá ní ọdún tí òfò kò sí, ó sì ń rò pé owó náà ti ṣègbé.

Ilẹ̀kùn kẹta: ìjọba

Nígbà tí ẹgbẹ́ kò bá lè gbé e, tí adójútòfò kò sì sí, ojú gbogbo ènìyàn máa ń yí sí ìjọba. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2010 lè kọ́ni ní ọgbọ́n lórí èyí.

Ní ọdún náà, omi ya wọ ìlú àti oko káàkiri Bẹ̀nẹ̀. Nínú kọ́múùnù 77 tí ó wà ní orílẹ̀-èdè yìí, omi ba nǹkan jẹ́ ní 55. Àjálù náà kan nǹkan bí 680,000 ènìyàn, ẹni 46 sì kú. Ní ọdún 2011, ìjọba, Báńkì Àgbáyé àti àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé parí ìṣirò gbogbo òfò náà. Iye tí ó jáde jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 127 fàránkì sefà.

Ìrànlọ́wọ́ dé. Àjọ tí ó ń tọ́jú àwọn asásàálà fi ọkọ̀ òfurufú kó àgọ́ 3,000 wá láti Copenhagen, ní orílẹ̀-èdè Denmark. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ro ohun kan dáadáa. Bí ilé bá wó, ògiri rẹ̀ wà níbẹ̀ tí ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ń sùn ní ìta, gbogbo ojú ni ó ń rí i. Oko kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi bá fà, ẹrẹ̀ ni ó ń kù. Ta ni ó lè fi ojú wo ẹrẹ̀ kí ó mọ̀ bóyá oko kékeré ni ó wà níbẹ̀ tàbí oko ńlá? Ta ni ó lè mọ̀ bóyá àgbàdo ni a gbìn síbẹ̀ tàbí koríko ni ó hù, àti ta ni ó ni ín?

Ti ọ̀dá tún le ju ti omíyalé lọ. Ọ̀dá kì í pariwo. Kò sí ọjọ́ kan tí a lè tọ́ka sí pé òní ni ó dé. Bákan náà ni ti kòkòrò. Ní ọdún 2016, Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí a ti rí irú kòkòrò ajẹ-àgbàdo kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá. Inú àgbàdo ni kòkòrò náà ń wọ̀ sí. Nígbà tí àjèjì bá fi máa dé oko, yóò ṣòro fún un láti mọ iye àpò àgbàdo tí ìbá jáde níbẹ̀.

Nítorí náà, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kẹta ni ẹ̀rí. Ìjọba tí ó bá fẹ́ san owó fún òfò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà kí òfò tó dé. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù lọ ni yóò gba owó. Ẹni tí òfò rẹ̀ pọ̀ jù lọ lè má rí nǹkan kan.

Bí wọ́n ti ń ṣe é ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ní ètò kan fún irè oko tí adójútòfò kò sí fún. NAP ni a gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí. Láti inú òfin ọdún 1994 ni ó ti wá. Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ wọ inú ètò náà gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ kí àkókò tí ìjọba dá tó kọjá. Ó ń san 325 dọ́là lórí irè oko kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kéré kì í san án. Lẹ́yìn tí ó bá ti gbìn, ó gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ó gbìn, ibi tí ó gbìn ín sí àti bí oko náà ti tóbi tó. Bí òfò bá dé, ó gbọ́dọ̀ sọ fún ọ́fíìsì ìjọba láàárín ọjọ́ 15.

Owó tí ètò náà ń san kì í ṣe gbogbo òfò. Ẹ jẹ́ kí a fi àgbàdo ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì fi fàránkì ṣe ìṣirò. Àgbẹ̀ kan ń retí àpò 20 láti inú oko rẹ̀, nítorí pé iye tí ó máa ń kó lọ́dọọdún nìyẹn. Ọ̀dá dé, ó sì kó àpò 6 péré. Ìdajì ohun tí ó ń retí, èyíinì àpò 10, ni ètò náà ń dáàbò bò. Láti 6 dé 10 jẹ́ àpò 4. Lórí àpò 4 náà, ìdá 55 nínú 100 iye owó ọjà ni a ó san. Bí àpò kan bá jẹ́ 20,000 fàránkì, 11,000 ni a ó san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ 44,000 fàránkì.

Àpò 14 ni ó sọnù, tí owó rẹ̀ jẹ́ 280,000 fàránkì. Owó 44,000 kò tó láti dí ihò náà. Ṣùgbọ́n ó lè ra irúgbìn, ó sì lè san owó alágbàṣe díẹ̀. Ó lè má jẹ́ kí àgbẹ̀ ta ilẹ̀ rẹ̀ tàbí kí ó kó sínú gbèsè. Ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ wà fún nìyẹn: kí ẹni tí ó ṣubú lè gbin oko ọdún tí ń bọ̀.

Ètò mìíràn wà níbẹ̀ fún àwọn tí ń sin ẹran. Bí ojú ọjọ́ burúkú bá pa ẹran ju iye tí ó máa ń kú lọ́dún lọ, ìjọba ń san ìdá 75 nínú 100 iye owó ẹran náà. Ṣùgbọ́n darandaran gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé ẹran náà wà láàyè tẹ́lẹ̀, àti iye tí wọ́n jẹ́.

Ẹ̀kọ́ láti Kẹ́ńyà àti Màláwì

Kò di dandan kí a lọ sí ilẹ̀ òyìnbó kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ìjọba Kẹ́ńyà bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn darandaran ní Turkana àti Wajir. Ó kọ orúkọ ìdílé 5,000 sílẹ̀, ó sì san owó adójútòfò náà fún wọn. Ẹ̀rọ tí ó wà lójú òfurufú ni ó ń wo koríko. Bí koríko bá gbẹ kọjá ìwọ̀n kan, owó yóò jáde, láìsí pé ẹnikẹ́ni lọ ka òkú màálù. Nígbà tí ọ̀dá líle dé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, ìdílé tí ó ju 12,000 lọ gba owó tí ó ju mílíọ̀nù 214 ṣílè Kẹ́ńyà lọ. Ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ó gbà á, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé kí koríko tó gbẹ.

Ìtàn Màláwì ní ẹ̀kọ́ mìíràn nínú. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní àjọ kan tí a ń pè ní ARC, tí ó ń ṣe adójútòfò ọ̀dá fún ìjọba fúnra rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, àjọ náà san mílíọ̀nù 26 dọ́là fún Sẹ̀nẹ̀gàl, Moritáníà àti Nìjẹ̀r, kí wọ́n fi ran àwọn tí ọ̀dá bá lọ́wọ́. Màláwì náà dá owó sí i. Ọ̀dá ńlá dé bá Màláwì ní ọdún 2016. Mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ń wá oúnjẹ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní kò sí owó tí ó yẹ kí a san.

Kí ni ó fà á? Kọ̀ǹpútà náà rò pé àgbàdo tí ń pẹ́ kí ó tó gbó ni àwọn àgbẹ̀ gbìn. Nígbà tí a rán ènìyàn lọ sí oko, a rí i pé àgbàdo tí ń yá gbó ni púpọ̀ nínú wọn ti ń gbìn. A tún ìṣirò náà ṣe. Ní ìparí ọdún náà, àjọ ARC gbà láti san mílíọ̀nù 8.1 dọ́là. Ṣùgbọ́n oṣù púpọ̀ ti kọjá, ebi sì ti ń pa àwọn ènìyàn. Nǹkan kékeré, irú àgbàdo tí a gbìn, ni ó fa ìdádúró fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ohun tí àgbẹ̀ tí ó mọ̀wé lè kọ

Ẹni tí ó ti kọ́ láti kọ èdè abínibí rẹ̀ ní irinṣẹ́ lọ́wọ́. Ìwé kékeré kan àti gègé kan ti tó. Kò di dandan kí ó fi Faransé kọ ọ́. Ojú ewé kan lè rí báyìí:

«Oko ọ̀nà odò. Káńtì 30. Àgbàdo tí ń yá gbó, oṣù mẹ́ta. A gbìn ín ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin. Ní èṣí, àpò 9 ni a kó níbẹ̀.»

Káńtì tí àwọn àgbẹ̀ gúúsù Bẹ̀nẹ̀ fi ń wọn oko jẹ́ mítà 20 ní gígùn àti mítà 20 ní ìbú. Káńtì 25 jẹ́ hẹ́kítà kan. Ẹni tí ó bá ní okùn mítà 20 lè wọn oko rẹ̀ fúnra rẹ̀. Iye àpò ọdọọdún ṣe pàtàkì gidigidi, nítorí pé òun ni ó ń fi ohun tí àgbẹ̀ ń retí hàn. Láìsí i, ìṣirò àpò 20 àti àpò 6 tí a ṣe lókè kò lè bẹ̀rẹ̀.

Darandaran yóò kọ iye abo, iye akọ àti iye ọmọ. Yóò kọ ọjọ́ tí ẹran bímọ, ọjọ́ tí a gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti ọjọ́ tí ó tà tàbí tí ó rà. Yóò pa ìwé abẹ́rẹ́ náà mọ́. Bí òfò bá dé, kí àgbẹ̀ tàbí darandaran kọ ọjọ́ náà, kí ó pe ẹlẹ́rìí méjì, kí ó sì sọ fún olórí abúlé láìjẹ́ kí ó pẹ́. Láti ọ̀dọ̀ olórí abúlé ni ọ̀rọ̀ ti ń dé àróńdísímà, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mẹ́ẹ̀rì ní Kétu àti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ẹkùn Plateau ní Pọbẹ̀. Ó tún dára kí òṣìṣẹ́ ATDA, àjọ tí ó rọ́pò CARDER ní ọdún 2016, mọ oko náà nígbà tí ó ṣì tutù.

Orúkọ pẹ̀lú ṣe kókó. Láti ọdún 2017 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ gbogbo ará ìlú sílẹ̀ nínú ètò RAVIP. Àjọ ANIP ni ó ń fúnni ní ìwé ìdánimọ̀. Ẹni tí ó jẹ́ Akàńbí nínú ìwé kan, tí a sì kọ ní Akambi nínú ìwé mìíràn, lè rí ìdádúró ní ọjọ́ owó. Kí orúkọ tí ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ oko bá ti ìwé ìdánimọ̀ mu. Kí nọ́ńbà fóònù tí a lè fi owó ránṣẹ́ sí sì jẹ́ ti olóko fúnra rẹ̀.

Àwọn tí a máa ń gbàgbé

Níbi tí a bá ti ń ka oko, àwọn kan wà tí ojú kì í tètè rí. Obìnrin tí ó ń gbin ẹ̀pà lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Bí a bá kọ orúkọ baálé nìkan, ẹ̀pà rẹ̀ yóò wọ inú ìṣirò ọkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ra irúgbìn, tí ó sì ro oko. Ẹni tí ó yá ilẹ̀ gbin nǹkan jẹ́ ẹnì kejì: onílẹ̀ lè gba owó irè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹnì kẹta ni darandaran Fúlàní, tí ó lè wà ní ibòmíràn pẹ̀lú ẹran ní ọjọ́ tí a wá kọ orúkọ. Ìwé àkọsílẹ̀ tí ó jẹ́ ti olúkúlùkù ń dáàbò bo irú àwọn wọ̀nyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ó tún yẹ kí a ya òfò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí màálù bá jẹ oko, kì í ṣe àjálù tí ìjọba yóò san owó rẹ̀. Ẹni tí ó ni màálù ni òfin ń bi. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ìwé tí ó sọ iye káńtì àti ọjọ́ ìfúnrúgbìn lè pa ìjà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ìjọba wà lọ́tọ̀

Ìwé àkọsílẹ̀ kò lè mú òjò rọ̀. Kò sì lè fi ipá mú ìjọba san owó. Ó yẹ kí ìjọba fúnra rẹ̀ ní àpò owó tí ó yà sọ́tọ̀ kí àjálù tó dé, kí ó sọ ìwọ̀n òfò tí yóò san owó lé lórí, kí ó sì dá ọjọ́ tí ẹjọ́ òfò gbọ́dọ̀ dé. Ó tún yẹ kí orúkọ àwọn tí yóò gba owó wà lára ògiri ní abúlé, kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Níbi tí àwọn ará abúlé bá ti mọ̀wé kà, ó ṣòro kí orúkọ ẹni tí kò ní oko wà lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan béèrè.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ọ̀dá mìíràn yóò dé, bí ọjọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ yé ẹnikẹ́ni. Òjò àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta. Oṣù kejì, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ tí koríko kò sì tíì bo ààlà, ni ó rọrùn jù láti fa okùn mítà 20 yí oko ká, kí a sì kọ iye káńtì rẹ̀ sílẹ̀.